Ògiri Létí, Ògiri Tún Lẹ́nu: Ìtàn Yàrá àti Ìró láti Òṣogbo dé Iléṣà

Kí n tó wí nǹkan kan, ẹ bá mi ṣe ohun kékeré kan. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí ẹ wà. Pá! Kí lẹ gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Bí ẹ bá wà ní ìta gbangba, ìró náà ti lọ, kò padà. Bí ẹ bá wà nínú yàrá tí aṣọ àti ẹrù kún, ó kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà nínú yàrá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tí kò tíì sí ẹrù níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tó ń dún ṣìnìnìn lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yín. Ohùn ògiri nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní ògiri létí. Òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un lónìí ni pé ògiri tún lẹ́nu. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ nínú yàrá, yàrá náà á tún un sọ, kì í sì í tún un sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin nínú yàrá wọn ní Òṣogbo àti Iléṣà pọ̀ lára àwọn tó ń tẹ́tí sí ètò yìí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí orin mi fi ń dùn nínú yàrá mi, tó bá wá dé inú ọkọ̀ tàbí ibi ìnáwó, béèsì á máa bú ramúramù, tàbí kó má tilẹ̀ sí béèsì rárá?" Púpọ̀ nínú wọn ti ra sọ́fítíwíà tuntun, wọ́n ti ra sípíkà tuntun, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ìtàn ni mo fi máa dá wọn lóhùn lónìí. Ìtàn bí yàrá wa ṣe di irú yàrá tó jẹ́ yìí ni, àti ohun tí a lè sọ nù sí i bí a kò bá fiyè sí i.

Kí sìmẹ́ǹtì tó dé

Ilé àwọn baba ńlá wa kì í ṣe yàrá kan tí a há mọ́ra. Agboolé ni. Amọ̀ tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ ògiri rẹ̀ ní ipele-ipele. Bí ipele kan bá gbẹ, wọ́n á gbé òmíràn lé e. Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn. Koríko tàbí ewé ni wọ́n fi ń bo orí ilé. Yàrá tí èèyàn ń sùn kéré, ó sì ṣókùnkùn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì dojú kọ àgbàlá. Inú yàrá kọ́ ni wọ́n ti ń lu ìlù. Àgbàlá ni, ojúde ni, iwájú ààfin ni.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ìró. Àgbàlá kò ní òrùlé, nítorí náà ìró tó bá gòkè ti lọ pátápátá. Koríko orí ilé kún fún àlàfo wẹ́wẹ́. Ìró tó bá kó sínú rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ kó tó rí ọ̀nà jáde. Ògiri amọ̀ ń dá ìró padà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri mẹ́rin, àjà kan àti ilẹ̀ kan ló ń gbá a fún ara wọn bíi bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá adùn orin lásán, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù dùndún kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Ohun tó ní ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ohun tí a fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí a fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀, òun nìkan ni onílù ní lọ́wọ́. Bí ohùn kan bá ṣì ń dún nínú yàrá nígbà tí ohùn tó tẹ̀lé e ti dé, méjèèjì á lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù á ní orin náà kàn ń hó díẹ̀ ni. Ní tiwa, gbólóhùn ló ti bàjẹ́ yẹn.

Rélùwéè, kòkó àti páànù

Ní ọdún 1907 ni ojú irin rélùwéè láti Èkó dé Òṣogbo. Ìlú náà di ibi tí ọjà ti ń sọ̀ kalẹ̀: iyọ̀, aṣọ, ìṣó, páànù àti sìmẹ́ǹtì. Rélùwéè kò dé Iléṣà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 30 kìlómítà péré ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà tí owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún àwọn Ìjẹ̀ṣà, ilé ni púpọ̀ nínú wọn fi owó náà kọ́. Koríko kúrò lórí ilé, páànù gba ipò rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú ògiri amọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé látòkèdélẹ̀. Ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, sìmẹ́ǹtì sì di ohun tí a ń ṣe nílé. Ní ìgbà tiwa yìí, a ti fi táìsì sílẹ̀, a fi gíláàsì sójú fèrèsé, a sì fi PVC ṣe àjà.

Ohun tí a fi ń mọ̀ pé èèyàn ti ríṣe nìwọ̀nyí. Mi ò bú wọn o. Èmi náà kò fẹ́ sùn lábẹ́ koríko tó ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìró bá níbẹ̀. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tó dán kì í gbà ju nǹkan bíi ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìró tó bá kàn án. Gbogbo ìyókù ló ń dá padà. Ògiri kejì tó dojú kọ ọ́ á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ìró tó yẹ kó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ń lọ, tó ń bọ̀, bí aláìsàn tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn kan rán lọ sí òmíràn.

Páànù ní ìyọnu tirẹ̀. Bí òjò bá dé, kò sí máíkì tó lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ tó ń gbé tìmùtìmù lóru

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò sí nílẹ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe olórin. Ní ọdún 1895, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan sí ibi tí wọ́n ń pè ní Fogg Museum. Gbọ̀ngàn náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan máa ń dún nínú rẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àbọ̀ kó tó kú. Ẹ rò ó wò: kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tán nílẹ̀, olùkọ́ ti sọ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lórí.

Wọ́n pe ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ físíìsì kan, Wallace Sabine, pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Sabine mú fèrè dùùrù kan àti aago. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìlú bá ti dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń dúró kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kú kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀. Ó lọ kó tìmùtìmù orí àga ní Sanders Theatre tó wà nítòsí, ó ń gbé wọn wọ inú gbọ̀ngàn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fọn fèrè, ó ń wo iye ìgbà tí ìró fi ń dún kó tó kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti dá tìmùtìmù onítìmùtìmù padà.

Ohun tó rí kò le yé èèyàn. Bí yàrá bá ṣe tóbi tó ni ìró ṣe ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ohun rírọ̀ tó ń gba ìró bá ṣe pọ̀ tó ni ìró ṣe ń tètè kú. Ó sọ èyí di ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ṣì ń lò títí di òní. Òun ni wọ́n sì fọ̀rọ̀ lọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900, tí àwọn olórin ṣì ń yìn.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó sọnù ló bí ìmọ̀ yìí, kì í ṣe orin. Aṣọ àti tìmùtìmù ló sì kọ́kọ́ fi wá a rí.

Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì dé àgbàlá

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀, tó jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, kọ orin Àjíǹde, ó sì gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo pẹ̀lú ìlù ìbílẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan nínú ìjọ sọ pé ìlù òrìṣà kò yẹ nínú ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló dá ìjà náà sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìró, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ sí òdì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìjà náà lé Dúró Ládiípọ̀ dé.

Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ń gbé Òṣogbo nígbà náà, sọ ilé ọtí kan tó jẹ́ ti Ládiípọ̀ di ibi àṣà. Mbari ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ibẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàtá àti dùndún ló gbé eré yẹn ró. Nínú eré Ṣàngó, bàtá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó ń ki ọba, ó ń pe ọba, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn òṣèré. Àwọn tó jókòó ní Òṣogbo sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbà pé ohun tí ìlù yẹn pàdánù nígbà tó kúrò ní gbọ̀ngàn tó ní ògiri àti àjà, ó rí i gbà padà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ibi tí a bí i sí náà nìyẹn.

Yàrá àwọn ẹlòmíràn

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà, ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún Decca. Òun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní ọdún 1963, òun náà ló fi àkọ́díọ̀nù sínú jùjú. Nígbà náà, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣìnà, gbogbo wọn á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí onílù bá jókòó sí ni mix. Ẹ fẹ́ kí gángan rọlẹ̀? Ẹ sún bàbá onígángan sẹ́yìn. Yàrá ló ń ṣe iṣẹ́ tí laptop yín ń ṣe lónìí, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ yàrá rẹ̀ kò lè ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ní ọdún 1973, Paul McCartney wá sí sítúdíò EMI ní Apapa, ní Èkó, láti ṣe Band on the Run. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gba ohùn mẹ́jọ sílẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n gba ohùn sílẹ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ṣe mix. Iṣẹ́ méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀. A lè gba ohùn sílẹ̀ níbikíbi tó bá ní ẹ̀mí. Àmọ́ ibi tí a ó ti dá ẹjọ́ ohùn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kì í parọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilé kò lè jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Rudy Van Gelder, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, dókítà tó ń yẹ ojú wò fún ẹni tó fẹ́ lo awò ni iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án. Yàrá ìgbàlejò àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló ti ń gba jáàsì sílẹ̀. Miles Davis àti Thelonious Monk wá síbẹ̀. Títí di ọdún 1959 ló fi ń ṣe é nílé àwọn òbí rẹ̀. Yàrá ìgbàlejò, ẹ gbọ́ o! Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ó mọ yàrá náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Twelve by twelve

Ó kan wá wàyí. Mo ti wọn yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò ní Òkè-Fìà àti Ògo-Olúwa ní Òṣogbo, mo wọn mẹ́ta ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn bíríkìlà ń pè ní twelve by twelve: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀, nǹkan bíi 10 ní gíga. Ó dára fún bẹ́ẹ̀dì, ó dára fún wọ́dúróòbù. Fún mix, kò sí yàrá tó le tó o, àfi èyí tí gíga rẹ̀ náà bá tún jẹ́ 12.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ooru wa, bí ó bá tó dígírì 30, ìró ń sáré nǹkan bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ohùn béèsì tó ń mì ní nǹkan bíi ìgbà 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló bá yàrá náà mu gẹ́lẹ́. Ẹ rántí bí a ṣe ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà. Bí ẹ bá ń tì í ní àkókò tó bá bíbọ̀ rẹ̀ mu, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ sókè títí ẹ̀rù á fi bà yín. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri méjì ń ti béèsì yẹn. Nítorí pé gígùn àti fífẹ̀ yàrá dọ́gba, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ti ohùn kan náà.

Apá tó burú jù ni pé kì í dún bákan náà níbi gbogbo. Lẹ́bàá ògiri, ó ń bú. Láàárín gbùngbùn yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí rárá. Ẹni tó gbé tábìlì rẹ̀ sí àárín kò ní gbọ́ béèsì, á máa fi kún un, á máa fi kún un. Orin yẹn á dé ibi ìnáwó, sípíkà ńlá á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àtíbàbà. Ẹni tó jókòó tó fẹ̀yìn ti ògiri á gbọ́ béèsì jù, á yọ ọ́ kúrò, orin rẹ̀ á dé inú ọkọ̀, á tínrín bí ìrù ẹja. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn. Etí yín kò burú. Irọ́ ni yàrá ń pa fún yín.

Kò sì parí síbẹ̀. Yàrá kan náà tún ń dún ní nǹkan bíi 95 àti 143. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wà láàárín ibẹ̀. Nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu akọrin á máa wú, àwọn mìíràn á máa rì, láìjẹ́ pé akọrin náà ṣe ohunkóhun.

Páálí ẹyin àti aṣọ Òṣómàáló

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á lọ kó páálí ẹyin, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, páálí ẹyin kò lè gbà á. Ó fẹ́lẹ́ jù. Ó lè yí ìró tín-ín-rín díẹ̀ padà, kò kan béèsì rárá. Fóòmù onínṣì kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Ìdí rèé. Ìgbì ohùn tín-ín-rín tó ń mì ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje. Ìgbì béèsì wa ti 48 gùn tó mítà méje. Ohun tó tínrín lè mú ti àkọ́kọ́, kò lè mú ti èkejì. Bí ẹ bá wá fi fóòmù tínrín bo gbogbo ògiri, ohùn òkè nìkan ni ẹ pa, béèsì ṣì ń jó. Yàrá á wá ṣókùnkùn létí, á sì tún máa bú.

Ohun tí a nílò ni nǹkan tó nípọn, tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ta ló sì mọ aṣọ ju àwa lọ? Òṣogbo ni ìlú aró. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn ni Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò tó ń ru aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Sabine ń gbé tìmùtìmù lóru ní Harvard, àwọn Òṣómàáló ń ru ìdì aṣọ lọ́sàn-án láàárín igbó. Wọn ò mọ̀ pé ẹrù orí wọn lè wo yàrá sàn.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Kó kan férémù igi fún yín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì, kí ó jinlẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kún inú rẹ̀, ẹ má fún un pọ̀ jù. Ẹ fi aṣọ bò ó. Àdìrẹ dára, ó sì lẹ́wà. Kí ẹ tó bò ó, ẹ gbé aṣọ náà sẹ́nu, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn bá kọjá, ìró á kọjá. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pátápátá. Ẹ fi àlàfo ínṣì díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí aṣọ àti fóòmù jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná àti ohun gbogbo tó ń gbóná, nítorí wọ́n ń jó, wọ́n sì ń tètè jó.

Mo ṣe ìṣirò Sabine fún yàrá twelve by twelve tó ṣófo, tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì yíká. Ìró á dún nínú rẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí férémù mẹ́jọ tó gba ìró dáadáa bá wọ inú rẹ̀, ó ti wá sí ìsàlẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi mátírẹ́ẹ̀sì, kápẹ́ẹ̀tì àti wọ́dúróòbù tí aṣọ kún kún un, á tún rọlẹ̀ sí i.

Ibi tí ẹ gbé férémù sí ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ jókòó síbi iṣẹ́ yín, kí ẹnì kan máa fa dígí lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ ni kí férémù àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kún àwọn igun yàrá, nítorí igun ni béèsì ń kó jọ sí. Ẹ gbé tábìlì kúrò láàárín, ẹ sì gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Kí etí yín wà ní nǹkan tó ju ìdá mẹ́ta yàrá lọ díẹ̀ láti ògiri iwájú. Kí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì dọ́gba. Ẹ gbọ́ mix náà ní ohùn rírẹlẹ̀, nítorí bí ohùn bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni yàrá ṣe ń dá sí i mọ. Ẹ tún gbọ́ ọ lórí fóònù àti nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ará ilé: férémù aṣọ ń wo inú yàrá sàn, kì í dá ìró dúró kó má jáde. Bí ìyá onílé bá ń kanlẹ̀kùn ní agogo méjìlá òru, aṣọ kò ní gbà yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ohun tó wà nínú ewu

Mo gbé ìlù kan tí ọ̀rẹ́ mi gbà sílẹ̀ nínú yàrá ológiri líle dé ọ̀dọ̀ bàbá onílù kan ní Iléṣà. Oríkì ìdílé kan ni ọmọ bàbá náà lù síbẹ̀. Bàbá tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ headphone. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlù ni mo gbọ́, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀." Ọ̀rẹ́ mi yá férémù mẹ́fà, ó so kúbùsù méjì mọ́ igun, ó sún onílù kúrò lẹ́bàá ògiri, ó tún un gbà. Máíkì kan náà, laptop kan náà. Nígbà tí a gbé e padà dé, bàbá ò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu dá a lóhùn. Wọ́n tilẹ̀ rí ibi tí ọmọ wọn ti fo ìlà kan, wọ́n bá a wí.

Ìdí tí mo fi ṣe ètò òní nìyẹn. Ẹ má rò pé nítorí kí orin yín lè gba àmì ẹ̀yẹ ni. Nínú àwọn yàrá kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n ti ń gba ohùn àwọn onílù àti àwọn akéwì wa sílẹ̀ báyìí. Àwọn tó mọ oríkì náà ń darúgbó. Ohun tí ọmọ ọmọ wa máa gbọ́ ní ọjọ́ iwájú ni ohun tí yàrá yín bá jẹ́ kí máíkì gbọ́ lónìí. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti da ohùn òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, kò sí sọ́fítíwíà tó mọ Yorùbá tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo yàrá yín kí ẹ tó mix. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ, kí ẹ sì wá aṣọ tí ẹ ó fi pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí ni ibi tí mo fẹ́ dúró sí lónìí. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mọ̀ tó ní páálí ẹyin lára ògiri. Ó dìgbà kan ná o.